Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Sámọ́nì Pọ̀ Lọ́jà, Ó Wọ́n Lódò

Nínú ìwé ìròyìn wa tí ó kọjá ni a ti sọ ní ṣókí pé, ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, àjọ IUCN, tí ń ṣe àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀dá tí ó ń run lọ lágbàáyé, yí ipò ẹja sámọ́nì ti Òkun Àtìláńtíìkì padà. Wọ́n mú un kúrò láàárín àwọn ẹ̀dá tí kò sí ewu lórí wọn, wọ́n sì fi í sí ìsọ̀rí àwọn tí ewu ti ń sún mọ́, nítorí pé iye rẹ̀ fi ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàárín ọdún 2006 sí 2020. Lẹ́tà tí ó tẹ̀lé ìròyìn kékeré náà pọ̀ ju èyí tí a retí lọ. A yan mẹ́fà nínú wọn fún oṣù yìí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa sámọ́nì, ṣùgbọ́n kò yé mi. Ní ilé ìtajà ńlá tí mo ti ń ra oúnjẹ ní Bódìjà, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí n kì í rí sámọ́nì nínú fírísà, àfi owó rẹ̀ nìkan ni ó ń lé sí i. Báwo ni ohun tí ó ń tán lọ ṣe lè pọ̀ lọ́jà tó báyìí? (Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì. Ohun tí ẹ rí nínú fírísà kì í ṣe irọ́, èyí tí a kọ náà kì í sì í ṣe irọ́. Ẹja kan náà ni wọ́n, orúkọ kan náà, Salmo salar, sì ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè wọ́n, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti jáde wá kò jọra. Sámọ́nì tí ó kún ọjà jẹ́ ẹja ọ̀sìn, tí wọ́n tọ́ nínú àwọ̀n ńláńlá tí wọ́n dè sínú omi òkun ní etíkun Norway, Scotland, Chile àti Kánádà, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará wa ti ń tọ́ ẹja àrọ̀ nínú adágún. Norway nìkan ń pèsè ju mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù lọ lọ́dún. Ní ti sámọ́nì tí kò ní olówó, èyí tí odò bí tí òkun sì tọ́, àpapọ̀ ohun tí àwọn apẹja gbogbo orílẹ̀-èdè tí ó yí àríwá òkun náà ká ń pa kò tó 1,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún mọ́. Ẹ fi èyí wé ọdún 1971, nígbà tí wọ́n pa 2,689 tọ́ọ̀nù ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Greenland nìkan ṣoṣo.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé gbogbo òǹkàwé, ó yẹ kí a sọ bí ẹja yìí ti ń gbé ayé rẹ̀. Inú omi tí kò ní iyọ̀ ni ìyá rẹ̀ yé ẹyin sí, lábẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ tí ó fi ìrù gbẹ́. Ọmọ tí ó bá jáde nínú ẹyin náà lè lo ọdún kan, ó sì lè lo ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú odò tí ó tutù, lẹ́yìn èyí ni àwọ̀ rẹ̀ yóò yí padà bíi fàdákà, tí ara rẹ̀ yóò sì múra láti gbé inú omi iyọ̀. Kò gùn ju ọwọ́ ènìyàn lọ nígbà tí ó bá gbéra lọ sí òkun. Yóò rìn títí dé etí Greenland tàbí òkun Norway, yóò jẹun níbẹ̀ fún ọdún kan sí mẹ́ta, yóò tóbi, yóò sì padà sí odò tí wọ́n ti bí i gan-an, tí yóò máa fò sókè kọjá àpáta àti omi tí ń dà wìì. Òmíràn tilẹ̀ máa ń yè é lẹ́yìn tí ó bá ti yé ẹyin, tí yóò tún lọ sí òkun lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀yà sámọ́nì púpọ̀ ti Òkun Pàsífíìkì kì í rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, kíkú ni wọ́n máa ń kú.

Ẹnìkan lè sọ pé níwọ̀n ìgbà tí ẹja ọ̀sìn ti wà, kí a fi ti odò sílẹ̀ kí ó sinmi. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé owó sámọ́nì inú odò já wálẹ̀ nígbà tí ti ọ̀sìn pọ̀, àwọn apẹja kan sì torí bẹ́ẹ̀ ká àwọ̀n wọn. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹja bá há mọ́ra sí nínú àwọ̀n kan, kòkòrò tí ń fi ara ẹja ṣe oúnjẹ bí iná orí ṣe ń ṣe sí ọmọ ènìyàn a máa bí sí i, omi a sì gbé e lọ bá ọmọ sámọ́nì tí ń gba ibẹ̀ kọjá sí òkun. Ìjì tún máa ń fa àwọ̀n ya. Ẹja ọ̀sìn tí ó bá sá jáde a wọ odò lọ, a sì bá ti odò gùn. Ní Norway, nígbà tí wọ́n yẹ àbùdá ẹja inú odò wò, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn odò tí wọ́n yẹ̀ wò ni ẹ̀jẹ̀ ẹja ọ̀sìn ti wọ ìran tiwọn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin Olóòtú, òkun kò ní ilẹ̀kùn, kò sì ní ọ̀gá tí ń kọ orúkọ sílẹ̀. Báwo ni àwọn olùṣèwádìí ṣe wá mọ iye sámọ́nì tí ó kú, tí wọ́n sì lè tọ́ka sí ibi tí ó kú sí? (Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹja, Àkúrẹ́)

ÌDÁHÙN: Ìbéèrè yìí gan-an ni gbòǹgbò gbogbo iṣẹ́ náà. Òkun kò ní ilẹ̀kùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n odò ní. Ọmọ sámọ́nì tí ń lọ sí òkun kò lè ṣe kí ó má gba ẹnu odò kọjá, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí ń bọ̀ wálé. Nítorí náà ni àwọn odò kan fi wà tí wọ́n ti ń ka ẹja ní àlọ àti ní àbọ̀ fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún: Burrishoole ní ìwọ̀-oòrùn Ireland, Bush ní Northern Ireland, àti Frome ní gúúsù England, níbi tí ẹ̀rọ tí ń ka ẹja ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1973. Ní odò Frome yìí kan náà, wọ́n máa ń fi àmì kékeré tí kò ju hóró ìrẹsì lọ sínú ara nǹkan bí 10,000 ọmọ sámọ́nì lọ́dọọdún, kí wọ́n lè dá olúkúlùkù mọ̀ bí ó bá padà. Bí ẹ bá mọ iye tí ó lọ, tí ẹ sì mọ iye tí ó bọ̀, ìyókù ni òkun jẹ. Irú ìṣirò báyìí ni ó fi hàn pé, ní àwọn odò kan tí ogún nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti ń padà sílé ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, márùn-ún kì í sábà pé mọ́.

Ìpẹ́ ara ẹja náà tún jẹ́ ìwé fún ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kà. Òrùka wà lára rẹ̀ bí ó ṣe wà nínú ìtì igi: èyí tí ó fún pọ̀ mọ́ra jẹ́ ti ìgbà òtútù tí oúnjẹ kò pọ̀, èyí tí ó fẹ̀ jẹ́ ti ìgbà tí ẹja náà jẹun yó. Láti ara ìpẹ́ kan ṣoṣo, olùṣèwádìí lè sọ ọdún tí ẹja lò nínú odò àti èyí tí ó lò lórí òkun. Níwọ̀n bí wọ́n sì ti tọ́jú ìpẹ́ àtijọ́ sínú àpò ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n lè fi ẹja òde òní wé ti ìgbà tí àwọn bàbá wọn ń pẹja.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rọ tí ń dún. Wọ́n a la ikùn ọmọ sámọ́nì díẹ̀, wọ́n a ti ẹ̀rọ kékeré bọ̀ ọ́, wọ́n a rán an padà, wọ́n a sì tú u sílẹ̀. Ẹ̀rọ olùgbọ́ tí wọ́n rì sínú odò àti òkun yóò sì máa gbọ́ ohùn rẹ̀ bí ó bá ń kọjá. Ní ọdún 2019, àjọ Atlantic Salmon Trust àti àwọn alájọṣepọ̀ wọn ṣe èyí fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ sámọ́nì nínú odò méje tí ń ṣàn wọ Moray Firth ní Scotland. Ìròyìn tí ó ti ibẹ̀ wá ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni gbogbo ènìyàn ti ń di ẹ̀bi ru òkun, àmọ́ nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ ẹja náà ni kò tilẹ̀ dé òkun rárá; inú odò ni wọ́n ti sọnù. Lójú tèmi, èyí ni ìwádìí tí ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè tún òkun ṣe ní ọdún mẹ́wàá, ṣùgbọ́n odò ní ọba àti ìjọba tí ó lè pàṣẹ lé e lórí.

Ní apá kejì òkun, àjọ Atlantic Salmon Federation ti Kánádà ti to ẹ̀rọ olùgbọ́ sí ojú omi Belle Isle, láàárín Labrador àti Newfoundland, láti mọ èyí tí ó yè dé ibẹ̀. Ní Greenland, wọ́n ń fi àyẹ̀wò àbùdá mọ agbègbè tí ẹja kọ̀ọ̀kan ti wá, ti Kánádà ni tàbí ti Yúróòpù. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti rí i pé capelin, ẹja kékeré tí sámọ́nì fi ń ṣe oúnjẹ, kò lọ́ràá bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, nítorí pé ìgbóná òkun ti da ètò oúnjẹ ibẹ̀ rú.

Ohun kan tún wà tí ó kàn wá nílé. Ọmọ sámọ́nì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ òkun máa ń lúwẹ̀ẹ́ nítòsí ojú omi, ní ojú ọ̀nà kan náà tí ẹja tí àwa ń pè ní Títùs ń gbà. Ọkọ̀ ńlá tí ń fi àwọ̀n fa Títùs a máa fa sámọ́nì mọ́ ọn nígbà mìíràn. Wọ́n ti rí irú rẹ̀ nínú àwọ̀n ní àyíká Iceland. Púpọ̀ nínú Títùs tí a ń jẹ ní Nàìjíríà, òkun yẹn ni ó ti wá.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n Olóòtú, mo kí yín. Ẹja àrọ̀ ni mo ń sìn. Abo ẹja kan ṣoṣo ń fún mi ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ. Kí ni ó dé tí àwọn òyìnbó kò fi ṣe ohun kan náà, kí wọ́n da ọmọ ẹja sí odò, kí ọ̀rọ̀ sì tán? (Olùsìn-ẹja, Ìjẹ̀bú-Òde)

ÌDÁHÙN: Wọ́n ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí bàbá bàbá wa, ọ̀rọ̀ kò sì tán. Ilé ìtọ́mọ ẹja tí ó wà ní Craig Brook, ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, ti wà láti ọdún 1889. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ ẹja nìkan ni odò ṣaláìní, sámọ́nì ìbá ti kún Maine.

Ẹ̀yin fúnra yín mọ ohun tí ó fà á. Ọmọ ẹja tí ó dàgbà nínú adágún yín mọ ìró ẹsẹ̀ ẹni tí ń gbé oúnjẹ bọ̀. Bí ó bá gbọ́ ọ, yóò sáré wá sókè. Nínú odò, ẹja tí ó bá sáré wá sókè nígbà tí òjìji kan bá bọ́ sórí omi ni ẹyẹ yóò kọ́kọ́ gbé. Ìwà tí ń gba ẹ̀mí là nínú ilé ìtọ́mọ ni ìwà tí ń pani nínú odò, kì í sì í ṣe ìwà nìkan, ó ń wọ inú ìran. Ní Burrishoole tí mo mẹ́nu bà lókè, wọ́n fi ẹyin ẹja ọ̀sìn, ti odò, àti ti àdàpọ̀ àwọn méjèèjì sínú odò kan náà, wọ́n sì tẹ̀ lé wọn láti ìgbà ẹyin títí di ìgbà tí wọ́n padà láti òkun. Àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2003 fi hàn pé bí ẹja odò bá ṣe àṣeyọrí ọgọ́rùn-ún, ti ẹja ọ̀sìn kò ju méjì lọ. Àwọn àdàpọ̀ wà ní àárín. Ní ọdún 2014, àjọ ìjọba tí ń bójú tó odò ní Wales pinnu pé àwọn kò ní da ọmọ sámọ́nì sí odò mọ́. Ọ̀pọ̀ apẹja ibẹ̀ bínú sí ìpinnu náà, ó sì yé mi ìdí tí wọ́n fi bínú, nítorí pé ó nira láti gbà pé ohun tí ojú rí tí ń wọ odò kì í ṣe ìrànlọ́wọ́.

Àkóbá mìíràn wà nínú kíkó ẹja kiri. Ní àwọn ọdún 1970, wọ́n kó ọmọ sámọ́nì láti Sweden lọ sí Norway, kòkòrò afòmọ́ kan tí ojú lásán kò lè rí dáadáa sì bá wọn lọ. Gyrodactylus salaris ni orúkọ rẹ̀. Sámọ́nì tí ó wà ní apá òkun Baltic ti mọ́ ọn lára, ti Norway kò sì mọ̀ ọ́n rí. Nǹkan bí àádọ́ta odò ni ó kó àrùn náà, ẹja inú wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ọ̀nà tí wọ́n gbà lé kòkòrò náà kúrò ni pé wọ́n da oògùn rotenone sí odò kí ohun gbogbo tí ó ní ìpẹ́ kú, kí ibùgbé kòkòrò náà lè parun. Ẹni tí ó bá ti rí àwọn apẹja wa tí ń gún ewé sínú omi kí ẹja lè léfòó yóò mọ ohun tí mo ń sọ, nítorí inú irú ewéko bẹ́ẹ̀ ni rotenone ti wá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi irú-ọmọ odò náà gan-an, tí wọ́n ti fi pamọ́ sí ilé ìtọ́jú àbùdá, dá ẹja padà sí i. Níbi báyìí, ilé ìtọ́mọ wúlò.

Ó sì wúlò níbi tí ẹja ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Ní apá inú Bay of Fundy ní Kánádà, níbi tí nǹkan bí 40,000 sámọ́nì ti ń wọ odò nígbà kan rí, kò tó 250 tí ó padà ní ọdún 1999. Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ báyìí ni pé wọ́n jẹ́ kí odò tọ́ ọmọ ẹja náà fúnra rẹ̀. Ìgbà tí ó bá fẹ́ wọ òkun ni wọ́n mú un, wọ́n sìn ín nínú àwọ̀n ojú òkun títí ó fi dàgbà, lẹ́yìn náà wọ́n dá a padà sí odò rẹ̀ kí ó fúnra rẹ̀ yan ẹnìkejì, kí ó sì gbẹ́ ihò ẹyin rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé kò sí abọ́ àti síbí ènìyàn nínú ìbálòpọ̀ wọn.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, etí odò Dee ni mo ti máa ń rìn ní òpin ọ̀sẹ̀. Mo rí àwọn ọkùnrin tí ó dúró sínú omi tútù láti àárọ̀, tí wọ́n fi ìwọ̀ mú ẹja, tí wọ́n tún dá a padà sí omi. Mo tún rí i tí wọ́n ń gbin igi sí àwọn ibi gíga. Ṣé orí wọn pé? (Òǹkàwé kan, Aberdeen)

ÌDÁHÙN: Orí wọn pé. Ní Scotland lóde òní, ju àádọ́rùn-ún lọ nínú ọgọ́rùn-ún sámọ́nì tí ìwọ̀ mú ni wọ́n ń tú sílẹ̀, àti pé láti ọdún 2016 ni ìjọba ti ń fi odò sí ìpele lọ́dọọdún, tí ó fi jẹ́ pé nínú odò tí ẹja rẹ̀ kò bá tó, èèwọ̀ ni láti mú ọ̀kan ṣoṣo lọ sílé. Owó tí àwọn apẹja wọ̀nyí ń san ni wọ́n fi ń tọ́jú odò náà. Bí omi bá tutù, tí wọn kò sì gbé ẹja kúrò nínú omi pẹ́, púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n tú sílẹ̀ ń yè láti yé ẹyin. Èmi fúnra mi kò tíì lè gbà pé ó dára láti da ẹja láàmú nítorí eré, ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé kò ṣe odò náà ní àǹfààní.

Ní ti igi, òòrùn ni wọ́n ń bá jà. Bí omi bá ti gbóná tó ìwọ̀n 23 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ara ọmọ sámọ́nì kò ní gbà á mọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2018, nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá àwọn odò Scotland ni omi rẹ̀ kọjá ìwọ̀n yẹn. Àwọn òkè tí odò Dee ti ń ṣàn wá ti wà ní ìhòòhò fún ìgbà pípẹ́, nítorí àgùntàn àti àgbọ̀nrín ti jẹ igi ibẹ̀ tán. Ìdí nìyí tí àjọ tí ń tọ́jú odò náà fi pinnu láti gbin mílíọ̀nù kan igi kí òjìji lè bo omi.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin Olóòtú, apẹja ni bàbá mi, apẹja ni èmi náà. Ẹ kò sọ ohun kan nípa àwọn apẹja tí wọ́n ní kí wọ́n ká àwọ̀n. Kí ni wọ́n ń jẹ? (Apẹja, Ẹ̀pẹ́)

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú, ó yẹ kí a ti sọ ọ́. Àdéhùn tí ó dá àjọ NASCO sílẹ̀, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tí ń dáàbò bo sámọ́nì àríwá Òkun Àtìláńtíìkì, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Edinburgh, fìdí múlẹ̀ ní ọdún 1983. Ó ka pípa sámọ́nì ní agbami léèwọ̀ ní ibi púpọ̀ jù lọ ní àríwá òkun náà. Òfin nìkan kò tó. Ọkùnrin oníṣòwò kan láti Iceland, Orri Vigfússon, tí ó kú ní ọdún 2017, ni ó gbé ọ̀nà mìíràn kalẹ̀: ó dá àjọ sílẹ̀ ní ọdún 1989, ó kó owó jọ lọ́wọ́ àwọn tí ń fi ìwọ̀ pẹja fún ìgbádùn, ó sì fi ra ẹ̀tọ́ ìpẹja lọ́wọ́ àwọn tí ń fi àwọ̀n pẹja. Báyìí ni àwọn ará Faroe ṣe dá iṣẹ́ sámọ́nì dúró. Ní Ireland, ìjọba fi òpin sí àwọ̀n ojú òkun lẹ́yìn ọdún 2006, wọ́n sì san owó gbà-má-bínú. Ní ọdún 2018, wọ́n tún bá àwọn apẹja Greenland ṣe àdéhùn kí wọ́n má pa á fún títà mọ́, ṣùgbọ́n kí ìdílé lè máa rí èyí tí wọn yóò jẹ.

Kì í ṣe ibi gbogbo ni owó lè tán ọ̀rọ̀. Odò Tana, tí ó jẹ́ ààlà Norway àti Finland, ti wà ní títì fún ìpẹja sámọ́nì láti ọdún 2021. Àwọn Sámi, tí í ṣe ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ni wọ́n ni etí odò náà. Orúkọ ẹ̀yà àwọ̀n, orúkọ ibú omi àti orúkọ ẹja ní oríṣiríṣi ọjọ́ orí wà nínú èdè wọn, ọmọ tí kò bá sì bá bàbá rẹ̀ wọ ọkọ̀ kò ní rí ibi tí yóò ti kọ́ wọn. Wọ́n ń sọ pé kì í ṣe àwọn ni wọ́n mú òkun gbóná. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹja náà kò sì sí.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé odò kan tilẹ̀ wà tí ó ti rí sámọ́nì rẹ̀ gbà padà? (Òǹkàwé kan, Boston)

ÌDÁHÙN: Itòsí yín ni Penobscot wà, ní Maine. Láti ọdún 1912 ni wọ́n ti máa ń fi sámọ́nì tí wọ́n bá kọ́kọ́ mú nínú odò yìí lọ́dún ránṣẹ́ sí Ààrẹ Amẹ́ríkà. Ọdún 1992 ni wọ́n ṣe é kẹ́yìn. Àwọn ọmọ onílẹ̀, Penobscot Nation, àti àwọn àjọ tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ra ìsédò mẹ́ta lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ iná mànàmáná. Wọ́n wó Great Works ní ọdún 2012 àti Veazie ní ọdún 2013, wọ́n sì gbẹ́ odò kékeré yí ẹ̀kẹta ká kí ẹja lè kọjá. Iná tí àwọn ìsédò tí ó kù ń pèsè sì dí àlàfo èyí tí wọ́n wó. Ẹja kan tí ó jọ ṣàwá wa, tí òun náà ń ti òkun wá yé ẹyin, tún odò náà wọ̀ ní mílíọ̀nù mílíọ̀nù. Sámọ́nì ń bọ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ó ti kọjá ẹgbẹ̀rún kan ní àwọn ọdún kan, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn sì jẹ́ èyí tí ilé ìtọ́mọ tú sílẹ̀ nígbà tí wọ́n kéré. Wọ́n ṣì ń ka wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, níbi ẹ̀rọ agbẹ́ja-sókè ní ìsédò Milford.